Sùúrù Nìkan Kò Lè Fi Ìfun Èèrà Hàn

Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọ̀dọ́ tó fẹ́ là lóòjọ́ ni a ń pa á fún, ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ gba òmìnira kí ọdún rẹ̀ tó pé náà ń gbọ́ ọ. N kò ní jókòó ti ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tó bí mi nínú ni pé mo rí i tí wọ́n fi òwe yìí dá ọmọ ọlọ́mọ dúró sójú kan, orí fọ́tò ohun kékeré ló sì ti ṣẹlẹ̀, irú èyí tí àwọn onífọ́tò ń pè ní macro, tí wọ́n ń sún mọ́ nǹkan títí wóró iyọ̀ kan yóò fi kún ojú àwòrán.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó, orí WhatsApp ló ti ń tà á. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì gún, fọ́tò rẹ̀ ló ń lé oníbàárà sá. Wọ́n ní kó ra lẹ́ǹsì macro sí kámẹ́rà ọkọ rẹ̀. Ó kó owó ọjà lé e. Alẹ́ ló wá ń ya fọ́tò, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè kan ṣoṣo tó wà ní àárín àjà pálọ̀. Ó tẹrí ba sórí tábìlì, òjìji orí rẹ̀ bo ìlẹ̀kẹ̀ mọ́lẹ̀. Fáànù ń yí lókè, ó ń mi okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà. Gbogbo fọ́tò rí bàìbàì. Ẹyọ iyùn kan tó jàjà hàn, gílóòbù ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ìyàwó tó rà á sì ní ohun tí òun rí lórí fóònù kọ́ ló dé ọwọ́ òun. Ó dá a padà. Ọmọ yìí sunkún lọ bá àwọn àgbà ilé, òwe èèrà ni wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: kó ṣáà ní sùúrù.

Sùúrù wo? Ẹni tó jókòó ti ẹ̀gbà ọrùn kan di ààjìn, sùúrù wo ló tún kù tí kò ní? Ìmọ́lẹ̀ ni kò ní.

Ohun tí a kì í sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé bí kámẹ́rà ṣe ń sún mọ́ nǹkan ni ìmọ́lẹ̀ ń sá fún un. Bí àwòrán ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kan bá tóbi lórí sensor, ìyẹn ojú tí kámẹ́rà fi ń gba àwòrán, bí ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣe tóbi gan-an lọ́wọ́, ìyẹn ni àwọn onífọ́tò ń pè ní 1:1. Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tí ì bá wọlé ká ní ohun tó wà lọ́nà jíjìn lẹ ń yà. Ibi tó ń hàn kedere náà ń tín-ín-rín sí i. Lórí kámẹ́rà tí sensor rẹ̀ jẹ́ 36 × 24 mm, tí ẹ bá fi ihò lẹ́ǹsì sí f/8, bíi mìlímítà 1 péré ló máa hàn kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìlẹ̀kẹ̀ tó nípọn tó mìlímítà 8, bí etí ihò rẹ̀ bá hàn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ṣú. Ẹ lè dín ihò lẹ́ǹsì kù sí f/11 tàbí f/16 kí púpọ̀ sí i lè hàn, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tún dín nìyẹn. Bí ẹ bá sì dín in jù, gbogbo àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń fọ́n ká bó bá gba ihò tóóró kọjá. Kò sí iye òru tí èèyàn lè fi sùúrù jókòó tì í tó máa yí èyí padà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sídìí fèrèsé, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ wá fèrèsé tí oòrùn kò ràn wọ̀ tààrà. Bí oòrùn bá wà níbẹ̀, ẹ fa kọ́tìnnì funfun bò ó, tàbí kí ẹ ta aṣọ àlà sí i. Ẹ pa gbogbo gílóòbù inú yàrá, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ àti ti gílóòbù bá dàpọ̀ lára iyùn kan, ẹ̀gbẹ́ kan á ní àwọ̀ tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì á ní tirẹ̀, kámẹ́rà kò sì ní mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé. Ẹ pa fáànù. Ẹ gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ wá, kí ẹ sì gbé páálí funfun dúró sí apá kejì. Mo fẹ́ràn páálí yìí ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà nílé ìtajà lọ. Ẹ sún un mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì rí i tí apá tó ṣókùnkùn ń là bọ̀.

Nígbà tí mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ débẹ̀ láàárọ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n gbé lẹ́ǹsì yẹn wá?" Mo ní kó fi í sílẹ̀ ná, kó mú fóònù rẹ̀. Ohun tí a rí lára iyùn yẹn, ẹnu kò lè ròyìn rẹ̀ tán: àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti orí dé ìdí, ọ̀fìn kékeré kan níbi tí ara òkúta náà kò ti dán, àti ojú ihò tí okùn ti ń họ. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ máa ń wà lára iyùn gidi. Ike tí wọ́n dà sínú èlò kì í ní in, ojú ibi tí ike náà ti pàdé ara rẹ̀ ló sábà máa ń hàn. Oníbàárà tó bá rí fọ́tò bẹ́ẹ̀ kò nílò ìbúra kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ló ní ojú kámẹ́rà kékeré kan tí wọ́n kọ macro sí lára, megapixel 2 péré. N kò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó gbára lé e. Ẹ lo ojú kámẹ́rà ńlá, ẹ fà sẹ́yìn títí tí nǹkan yóò fi hàn kedere, lẹ́yìn náà kí ẹ gé etí àwòrán kúrò. Àwọn fóònù olówó gọbọi ń ṣe dáadáa: láti ọdún 2021 tí iPhone 13 Pro ti jáde, ó ń rí ohun tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí i. Ṣùgbọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 2, fóònù fúnra rẹ̀ ló máa dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ìdí nìyí tí ìmọ́lẹ̀ fi gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn wá.

Ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà ń ba fọ́tò jẹ́. Ẹ rán àpò aṣọ kékeré kan, ẹ rọ ẹ̀wà sí i, ẹ gbé fóònù tàbí kámẹ́rà lé e. Kò ní yẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ka ìṣẹ́jú àáyá 2 kó tó yà á, kí títẹ̀ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ má bàa mì ín. Ẹni tó bá sì ń fi ọwọ́ di kámẹ́rà mú, kó yéé yí òrùka lẹ́ǹsì kiri. Kó fi ara rẹ̀ sún síwájú, kó sún sẹ́yìn, ìwọ̀nba bí irun orí ṣe nípọn.

Owó ńkọ́? Ẹni tó bá ní lẹ́ǹsì 50 mm lè fi extension tube sáàárín rẹ̀ àti kámẹ́rà. Ihò lásán ni, kò ní gíláàsì nínú. Èyí tó gùn ní 25 mm á gbé lẹ́ǹsì náà dé ìdajì títóbi gidi, èyí tó jẹ́ 50 mm á sì gbé e dé 1:1. Òrùka kan tún wà tí wọ́n fi ń dojú lẹ́ǹsì kọ ẹ̀yìn, iye rẹ̀ kò tó nǹkan. Lẹ́ǹsì macro gidi dára, n kò bá a jà, àmọ́ kó dúró de ọjọ́ tí èèyàn bá ti mọ fèrèsé rẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí òwe wa, nítorí èmi àti ẹ̀ ò tíì parí ìjà. Òwe yìí ń ka sùúrù ẹni tó ń wo èèrà, kò ka ti èèrà. Ní London, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Robert Hooke, fẹ́ ya àwòrán èèrà lábẹ́ máíkírósíkóòpù fún ìwé rẹ̀, Micrographia, tó jáde ní ọdún 1665. Sùúrù kò wọ́n ọkùnrin yìí rárá, ṣùgbọ́n èèrà kọ̀, kò dúró. Ìgbà tó rì í sínú ọtí líle ló tó dùbúlẹ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí kan, lẹ́yìn náà ló jí, tó sì sá lọ. Ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú, Hooke kò fi sílẹ̀ fún oríire: ó gbé ìgò roboto tó kún fómi síwájú fìtílà kí ìmọ́lẹ̀ lè kó ara rẹ̀ jọ sójú kan. Ìmọ́lẹ̀ àti ìdúró jẹ́ẹ́ ohun tí à ń wò ló fi rí ohun tó rí.

N kò tàbùkù sùúrù o. Wilson Bentley, àgbẹ̀ kan ní Jericho, ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, ló ya fọ́tò ẹyọ yìnyín rẹ̀ àkọ́kọ́ lábẹ́ máíkírósíkóòpù ní January 15, 1885. Nígbà tó fi kú ní 1931, ó ti ya ju 5,000 lọ, ní ilé oko rẹ̀. Sùúrù pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ahéré tí kò ní iná ìgbóná ló ti ń ṣiṣẹ́ kí yìnyín má bàa yọ́, ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ gba ẹ̀yìn yìnyín wọlé. Ó ti tún ilé ṣe fún sùúrù rẹ̀ kí ó tó jókòó.

Ibi tí òwe náà ti ṣì jù lójú mi ni pípa. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń gbé kòkòrò sínú fíríìsà kó lè dúró jẹ́ẹ́ fún fọ́tò. Kò dáa, kò sì pọn dandan. Bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, tí ara kòkòrò ṣì tutù, kì í lè sáré. Omi ṣúgà ẹ̀kán kan sì ń dá èèrà dúró fún ìgbà díẹ̀, torí ó ń mu ún. Irú èèrà wẹ́wẹ́ kan wà tó máa ń wọ ilé ní ilẹ̀ olóoru, orí rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ rí inú rẹ̀. Bó bá mu omi ṣúgà aláwọ̀ pupa, pupa yẹn á hàn nínú ikùn rẹ̀ láti òde. Ìfun èèrà nìyẹn, a kò fi ọ̀bẹ kàn án.

Ẹ po àwọ̀ oúnjẹ díẹ̀ mọ́ omi ṣúgà, ẹ kán an sórí ike tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e sí iwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ẹ gbé kámẹ́rà lé àpò ẹ̀wà kí èèrà tó dé, kí ó lè jẹ́ pé òun ló máa bá yín níbẹ̀. Ikùn rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kó hàn kedere, kì í ṣe orí. Bó bá yó, á lọ. Òmíràn ń tọ ipa rẹ̀ bọ̀, ẹ sì lè yà á lọ́tun.