Kí Ẹ Tó Ra Aṣọ Ẹgbẹ́

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Mo gbọ́ pé ìwọ ni rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí yín, fi ṣe alága ìgbìmọ̀ aṣọ fún ọdún Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. O kú oríire, ṣùgbọ́n má tíì lọ sọ́jà o.

Kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ jọ yẹ̀ wò. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, òṣùpá la sì fi ń ka Iléyá, torí náà lọ́dọọdún ló ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni ti 2024; ti 2025 bọ́ sí ọjọ́ 8. Ẹni tó bá fi ọjọ́ èṣí ṣètò, òun àti télọ̀ ni yóò jọ wọ̀yá ìjà. Láti ọjọ́ ọdún ni kí ẹ ti máa kà padà sẹ́yìn: ìgbà tí télọ̀ yóò parí, ìgbà tí ahunṣọ yóò hun aṣọ òfì yín tán, ìgbà tí owó yóò pé. Ọjọ́ tí ẹ máa sọ fún télọ̀, ẹ yọ ọ̀sẹ̀ méjì nínú rẹ̀. Ọlọ́run á dárí jì wá.

Owó ló ń tú ẹgbẹ́ ká. Má yan aṣọ tán kó o tó dá iye lé e. Pe kálukú ní kọ̀rọ̀, bi í léèrè ohun tí agbára rẹ̀ ká. Kò sẹ́ni tó máa sọ lójú gbogbo ẹgbẹ́ lórí WhatsApp pé òun ò lówó. Yóò kàn fi àtàǹpàkò sí i, kò sì ní gbé ìpè rẹ mọ́. Agbára ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú jù ni kí ẹ fi ṣòdiwọ̀n. Àwọn olówó yín lè fi iyùn àti bàtà ṣe fáàrí tiwọn.

Ẹ má fi fọ́tò yan àwọ̀. Ní kí ahunṣọ fún yín ní àpẹẹrẹ, kí ẹ gbé e bọ́ sínú oòrùn, kí olúkúlùkù fọwọ́ kàn án. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n bá ní aṣọ náà ti wúwo jù, gbọ́ tiwọn, inú oòrùn lẹ máa pẹ́ sí lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó ń gba owó kọ́ ló gbọ́dọ̀ rajà. Bí ẹ bá sì ń wá ẹni tó máa rajà, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé ńkọ́? Ó lè jẹ́ òun ló mọ ahunṣọ gidi n'Ísẹ́yìn, bi í.

Bí wọ́n bá fẹ́ di gbogbo iṣẹ́ yìí lé ìwọ nìkan lórí, kọ̀ ọ́. Ní kí wọ́n fún ọ ní èèyàn méjì sí i.