Ojú Lọmọ Kékeré Fi Ń Kọ́ Ìṣọ́ra

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo ọmọ ọdún kan ààbọ̀ lórí ẹní ìkírun. Kò tíì mọ Fátíhà, síbẹ̀ bí ìyá rẹ̀ bá forí kanlẹ̀, òun náà á forí kanlẹ̀. Ojú ló fi ń kọ́ nǹkan. Òye ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ewu rí. Ọmọ yìí ti rí wa tí a ń mu mínírà. Bó bá wá rí kẹrosíìnì nínú ìgò mínírà, ìgò ló mọ̀, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ya aláìgbọràn.

Ọmọ ọdún 1 sí 2 lè dúró bí a bá pariwo mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ gbàgbé. Ọwọ́ wa ni ìṣọ́ra rẹ̀ wà.

Ọmọ ọdún 3 sí 4 lè ka òfin lórí, síbẹ̀ kó rú u bí eré bá wọ̀ ọ́ lára. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ ní ṣókí: “Sítóòfù máa ń jóni.” Ẹ máa tún un sọ.

Ọmọ ọdún 5 sí 6 ti ń mọ ohun tó ń fa nǹkan. Ẹ bi í léèrè ohun tó lè ṣẹlẹ̀, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àbúrò rẹ̀ tì í lọ́rùn.

Nínú hàdíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ pé kí a kó àwọn ọmọdé wọlé bí ilẹ̀ bá ń ṣú, kí a bo ohun èlò wa, kí a sì pa fìtílà. Àgbà ló pàṣẹ fún, kì í ṣe ọmọdé.

Nítorí náà, ẹ fi kẹrosíìnì sínú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀, ẹ dé e pa, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó.

Bí ọmọ bá ti mu ún, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ má sì fipá mú un bì. Bó bá ń bì, kẹrosíìnì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ti ń ṣekú pani. Ẹ bọ́ aṣọ tó bá ta sí, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá ṣì ń ṣeré. Ẹ mú ìgò náà dání.

Kí Ọlọ́hun bá wa dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.