Ohun Tí A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Kọ́ Kíróṣé

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá kíróṣé mu gan-an. Bí ẹni tó ń hun ún bá fa òwú le jù, píìnì, ìyẹn abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ tí a fi ń hun kíróṣé, kò ní rí ibi wọlé nígbà tó bá kan ìlà kejì, ọwọ́ yóò máa ro ó, iṣẹ́ náà yóò sì súnkì. Bí ó bá fẹ̀sọ̀ fà á, ojú yóò dọ́gba, aṣọ yóò sì rọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òwú, tí ẹ sì fẹ́ fi hun ẹ̀wù lọ́sẹ̀ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe sùúrù kọ́ ojú mẹ́ta ná: ṣéènì, síńgù àti dọ́bù. Àwọn ni ìpìlẹ̀ fìlà ìkókó, àpò àti ẹ̀wù tó wù yín.

Ẹ má fi òwú dúdú bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì fi èyí tó ní irun lára bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ kò ní rí ojú tí ẹ ń hun. Òwú tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó dán, tí kò sì tín-ín-rín ni kí ẹ rà. Píìnì mìlímítà 5 bá irú rẹ̀ mu. Ẹ lè mú un bí ẹni mú bírò, ẹ sì lè mú un bí ẹni mú ọ̀bẹ. Èyí tó bá rọ ọwọ́ yín lọ́rùn ni kí ẹ dì mú.

Ṣéènì ló ṣáájú. Ẹ ta òjóbó sí òwú, ẹ ti píìnì bọ̀ ọ́, kí ó fara mọ́ píìnì láì há. Ẹ fi òwú kọ́ ẹnu píìnì, ẹ fà á gba inú òjóbó náà jáde. Ṣéènì kan nìyẹn. Ẹ máa ṣe é, ẹ máa tú u, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Fún síńgù, bí ẹ bá fẹ́ ojú 20, ṣéènì 21 ni kí ẹ ṣe. Ẹ ki píìnì bọ ìkejì láti ẹnu píìnì, ẹ fa òwú jáde, òjóbó yóò di méjì. Ẹ kọ́ òwú lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ fà á gba inú méjèèjì kọjá. Bí ìlà bá parí, ẹ ṣe ṣéènì kan, kí ẹ yí iṣẹ́ padà.

Dọ́bù ga ju síńgù lọ. Ojú 20 ń fẹ́ ṣéènì 22. Ẹ ká òwú mọ́ píìnì lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó kì í bọ ìkẹrin. Bí ẹ bá fa òwú jáde, òjóbó mẹ́ta ni ẹ óò rí. Ẹ kọ́ òwú, ẹ fà á gba inú méjì. Ẹ tún kọ́ ọ, ẹ fà á gba inú méjì tó kù. Ṣéènì mẹ́ta tí ẹ fò ti dúró fún ojú kìn-ín-ní. Bákan náà ni ṣéènì mẹ́ta tí ẹ óò fi bẹ̀rẹ̀ ìlà tó tẹ̀ lé e: ẹ fo ojú àkọ́kọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ojú ìgbẹ̀yìn wọ orí ṣéènì mẹ́ta ti ìlà ìṣáájú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù ojú kan, tí aṣọ fi ń tín-ín-rín lọ sókè.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ ka ojú ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì so òwú aláwọ̀ mìíràn mọ́ ojú àkọ́kọ́ àti ti ìgbẹ̀yìn. Bí iye bá yàtọ̀, ẹ rántí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ wo ẹ̀yìn, ẹ tú u dé ibi tó ti bàjẹ́. Òjóbó kan ṣoṣo ló ń dúró lórí píìnì bí ojú kan bá parí, nítorí náà títú kò lè ba ìyókù jẹ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ. Síńgù àwọn ará Amẹ́ríkà ni àwọn ará Bìrìtìkó ń pè ní dọ́bù. Dọ́bù ti Amẹ́ríkà sì ni tírébù ti Bìrìtìkó. Orúkọ Amẹ́ríkà ni mo lò níhìn-ín. Bí ẹ bá rí síńgù nínú ìlànà kan, ti Amẹ́ríkà ni.

A lè fi iṣẹ́ yìí jẹun. Nígbà ìyàn ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Áílándì ní 1845, léèsì oníkíróṣé ni ọ̀pọ̀ obìnrin hun tà kí ilé wọn lè rí oúnjẹ jẹ. Títí di òní, ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ń hun kíróṣé gidi, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe fojú kéré ohun tí ẹ ń kọ́. Ẹ hun onígun mẹ́rin kan lónìí, ojú 20, ìlà 20, síńgù nìkan. Bí etí rẹ̀ bá gún, ẹ lọ sí dọ́bù. Bí kò bá gún, ẹ tú u, ẹ tún un hun; ẹ má kánjú sí ẹ̀wù.