Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí òde ìnáwó lónìí, ì báà ṣe l'Ábẹ́òkúta, ì báà ṣe ní Peckham: kí wọ́n tó gbé ìrẹsì síwájú yín, ẹnìkan ti na fóònù sójú yín, fílítà sì ti wà lórí fóònù náà.

N kò bá fílítà jà. Ọmọ tó fi etí ajá àti ahọ́n gbọọrọ sójú ara rẹ̀ ń ṣeré ni. Láti 2015 tí Snapchat ti gbé irú eré yìí dé, kò sẹ́ni tó rí i tó bèèrè pé ìgbà wo ló di ajá. Àwa náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbé ojú mìíràn wọ̀. Níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kà mọ́ àwọn ohun iyebíye ayé ní 2001, ọkùnrin ló ń gbé ère olójú obìnrin lérí, gbogbo èrò ìwòran ló sì mọ̀. Ẹ tún wo ère ọ̀hún dáadáa: agbẹ́gilére a máa la pélé tàbí àbàjà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

Fílítà ẹwà ni mo ń bá wí, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Kámẹ́rà á wá ojú rí, á to àmì wínníwínní sára imú, ètè àti ìpéǹpéjú; irinṣẹ́ Google kan ń to 468 irú àmì bẹ́ẹ̀ sójú kan ṣoṣo. Ìgbà náà ni yóò fún imú pọ̀, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán awọ. Ohun tó bá ti jọ ìlà tàbí àpá, àbùkù ló kà á sí.

Mo jókòó ti ìyá àgbà kan níbi ìkómọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ yà á ní fọ́tò, ó gbé e fún un. Ìyá wò ó títí, ó ní, "Ta rèé?" Àbàjà ti pòórá. "Ẹ ti di ọmọge, Màmá!" Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná a doge; oge tí ìyá fi omijé rà ni ìka kan pa rẹ́ yẹn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé Nàìjíríà ti 2003 ti ní ká má kọlà fún ọmọ mọ́ (n kò sì ní kọ ọ́ fún tèmi), nítorí náà ojú àwọn àgbà wọ̀nyí ni ilà kù sí. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó fi fílítà sí wọn lójú, kí ẹ sì kọ́kọ́ ya ọ̀kan tí kò ní in.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Ní 2017, FaceApp gbé fílítà kan jáde tó ní òun ń sọ èèyàn di arẹwà, àṣé ó ń sọ adúmáadán di pupa ni. Nígbà tí ariwo ta, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ní àwọn fọ́tò tí àwọn fi kọ́ ẹ̀rọ náà ló fà á. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, Snapchat ti fi ojú Bob Marley ṣe fílítà, tí òyìnbó fi lè di adúláwọ̀ onídàda fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Òbí tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń wo ojú ara rẹ̀ nínú fóònù lójoojúmọ́, ẹ bá a jókòó, ẹ jọ pa fílítà náà, ẹ jọ tan án, kí ó rí ibi tí ẹ̀rọ ti ń yọ nǹkan kúrò.

Ẹ̀yin tó ń ta ìpara lórí TikTok, ẹ fi awọ gidi han oníbàárà. Ní Britain, láti 2021 ni àjọ tó ń bójú tó ìpolówó ti ní kí wọ́n má fi fílítà bu iyì tí ọjà ìṣaralóge kò ní fún un.

Èyí tó le jù ni ti alárinà. Ọmọkùnrin wà ní Houston, ọmọbìnrin wà n'Ìbàdàn, fọ́tò ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Ó di ọjọ́ pàdé ní pápákọ̀ òfuurufú, ọkọ ìyàwó dúró níwájú ẹni tó wá pàdé, ó ṣì ń yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ fi ojú tí ẹ fi ń jí ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jọ sọ̀rọ̀ lórí fídíò láìsí fílítà kí ìdílé méjèèjì tó mú ọjọ́ ìtọrọ.