Ọmú, Oúnjẹ àti Ọpọlọ Ọmọ

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́ Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì ni ìlú wa. Ọmọ bíbí kò ṣòro fún wa. Inú ọmọ títọ́ ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá ń bèèrè bóyá oúnjẹ ìkókó kan ọpọlọ rẹ̀, ó kàn án.

Ní Pelotas, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, àwọn olùwádìí tẹ̀lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 1982 títí wọ́n fi pé ẹni 30 ọdún. Àwọn tó mu ọmú pẹ́ ló ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò làákàyè, àwọn náà ló sì kàwé jìnnà jù. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wà.

Nítorí náà, ẹ fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́: ẹ má fún un lómi, ẹ má rọ ọ́ lágbo. Ìyá ìbejì, má fòyà: bí Táíwò àti Kẹ́hìndé bá ṣe ń mu ún tó ni omi ọmú yóò ṣe máa wá tó. Lẹ́yìn oṣù 6, ògì lásán kò tó fún àwọn ọmọ. Ẹ po edé lílọ̀ mọ́ ọn, ẹ fún wọn ní ẹyin àti mọ́ínmọ́ín. Ẹ máa fún wọn lọ́mú títí di ọdún 2.

Oúnjẹ nìkan kọ́ ni ọpọlọ ọmọ ń fẹ́. Bí ẹ bá ń wẹ ọmọ, ẹ bá a sọ̀rọ̀: "Omi rèé, ọṣẹ rèé." Ẹ máa kì í. Ọmọ tí a ń bá sọ̀rọ̀ ló ń tètè gbédè.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí abiyamọ jẹun yó, kó sì sinmi. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn.