Ẹran Líle, Ẹran Rírọ̀: Ta Ni Ó Yẹ Kó Ṣe Ìdájọ́?

 Ẹ̀yin tí ẹ ń sin màlúù àti àgùntàn, àti ẹ̀yin alápatà, tiyín ni ẹ̀kọ́ òní.

Ẹ jẹ́ ká mú àgbò méjì láti inú agbo kan náà. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ, ọjọ́ orí wọn kò yàtọ̀. Wọ́n rọra fa àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ alápatà ní ìrọ̀lẹ́. Ó mu omi, ó sinmi títí di àárọ̀. Èkejì ńkọ́? Wọ́n lé e káàkiri, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́yìn alùpùpù nínú oòrùn, wọ́n sì pa á bó ṣe dé. Ẹran èkejì yìí lè dúdú, kó le, kó sì tètè bàjẹ́.

Kí ló fà á? Súgà kan wà nínú ara ẹran. Bí a bá pa ẹran tán, súgà yìí á máa di omi kíkan díẹ̀díẹ̀. Ìkan yẹn ló ń jẹ́ kí ẹran pupa dáadáa, kó má sì tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹran tó sá, tó bẹ̀rù, tó jà, ti lo súgà rẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kàn án. Iṣẹ́ ọdún kan lè bàjẹ́ ní ọjọ́ kan!

Ní Ọsirélíà, láti òpin àwọn ọdún 1990, wọ́n ní ètò kan tó ń jẹ́ Meat Standards Australia. Àwọn tó ń jẹ ẹran ni adájọ́ níbẹ̀. Wọ́n ti ju 100,000 lọ. Wọ́n ń tọ́ ọ wò: ṣé ó rọ̀? Ṣé ó lómi? Ṣé ó dùn? Ipele 3, 4 tàbí 5 ni wọ́n ń fún un. Kì í ṣe odindi màlúù ni wọ́n ń fún ní máàkì o. Apá ara kọ̀ọ̀kan ni, àti bí a ṣe máa sè é. Ẹran ọrùn kò dà bí ẹran ẹ̀yìn.

Àwa náà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé kékeré kan. Fún ẹran kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ:

1. Ẹni tó sìn ín, àti ọjọ́ orí rẹ̀.
2. Bó ṣe dé: ṣé ẹsẹ̀ ló fi rìn ni, àbí wọ́n dì í? Ṣé ó mu omi, ó sì sinmi?
3. Ohun tí ìyá mẹ́ta tó sè é sọ: ó rọ̀, ó ṣe díẹ̀, tàbí ó le.

Ẹ kọ ti ẹran mẹ́wàá, kí ẹ wá kà á sétí ẹgbẹ́. Ìwé yìí kò gba ipò àyẹ̀wò oníṣègùn ẹran o. Ẹran tó ń ṣàìsàn kò ní ipele kankan. Ẹ má pa á tà.

Ìbéèrè fún ìjókòó yín nìyí: bí alápatà kò bá fi nǹkan kan lé owó ẹran tó sinmi, ta ni yóò ṣe wàhálà láti tọ́jú rẹ̀? Ẹ̀yin alápatà àti ẹ̀yin olùsìn, ẹ sọ iye náà pọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.