Kí Ẹ Tó Náwó Sí Stúdíò Inú Ilé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá ilé yín, bí owó bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́ báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ń bi mí ni pé máìkì wo ló dára jù. Èmi náà a máa bi yín padà pé, kí ló kù díẹ̀ káàtó nínú iṣẹ́ tí ẹ ṣe gbẹ̀yìn? Ẹni tí kò bá tíì lè dáhùn, kó fi owó náà pamọ́ ná.

Ẹ gbé orin tí ẹ ti parí kalẹ̀. Ẹ fi hẹ́dífóònù gbọ́ ọ, ẹ gbọ́ ọ nínú mọ́tò, ẹ sì gbọ́ ọ lórí fóònù lásán. Bí nǹkan kan bá ń kùn lábẹ́ orin, ẹ yẹ iná yín wò. Ẹ yọ ṣájà kúrò lára laptop kó máa lo bátìrì. Bí ìkùn náà bá dákẹ́, ṣájà yẹn ni, tàbí kí ilé yín má ní wáyà tó wọ ilẹ̀ dáadáa. Inverter olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kì í ṣe pure sine wave náà máa ń fa irú rẹ̀. Kò sí máìkì tuntun tó lè wo èyí sàn.

Ọ̀rọ̀ yàrá ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Ẹ dúró sí àárín rẹ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́ dán, táìlì nílẹ̀, gíláàsì lójú fèrèsé, gbogbo wọn ló ń dá ìró padà. Ẹ ó gbọ́ ọ bó ṣe ń gbọ̀n láàárín ògiri méjì kó tó kú. Ìró yẹn ló ń tẹ̀ lé gbogbo ọ̀rọ̀ tí akọrin bá kọ wọ inú máìkì. Kírétì ẹyin tí àwọn kan ń kàn mọ́ ògiri kò ran baàsì rárá. Ẹ bẹ káfíńtà kó kan férémù, kí ẹ ki rockwool tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sínú rẹ̀, kí ẹ fi aṣọ bò ó, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀yìn akọrin, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti sí igun yàrá. Bí owó kò bá tó, ẹ gbé mátírẹ́ẹ̀sì nàró sẹ́yìn rẹ̀. Mátírẹ́ẹ̀sì yẹn wù mí ju máìkì olówó gọbọi nínú yàrá òfìfo lọ.

Tí a bá wá dé orí máìkì, ẹ má fi àwòrán yàn án. Máìkì condenser máa ń gbọ́ gbogbo nǹkan, títí kan jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Níbi tí ariwo bá pọ̀, dynamic bíi Shure SM58, tó ti wà lórí àtẹ láti 1966, ni kí ẹ lò, kí ẹnu má sì jìnnà sí i ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Shure SM7 ni Bruce Swedien, ẹnjiníà ìgbohùnsílẹ̀, fi gba ohùn Michael Jackson fún àwo Thriller, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n SM7B tòde òní ń béèrè gain tó tó 60 dB; bí interface tó so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà yín kò bá lágbára, shìì-shìì ni ẹ ó máa gbọ́. Owó máìkì àti ti interface ni kí ẹ ṣírò pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìlù dùndún, ẹ fetí sílẹ̀. Bí máìkì bá sún mọ́ awọ jù, ẹnu kọ̀ǹgọ́ nìkan ni ẹ ó rí gbà. Bí onílù ṣe ń fún ọsán tí ohùn ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ kò ní hàn dáadáa. Ẹ fa máìkì sẹ́yìn tó nǹkan bí gígùn apá kan, kí ẹ sì dá ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, nítorí ṣaworo ara ìyáàlù máa ń gún ni létí nínú condenser olówó pọ́ọ́kú tí òkè ohùn rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Kí ẹ tó sọ pé kọ̀ǹpútà yín ti gbó, ẹ wo buffer nínú sọ́fítíwíà tí ẹ fi ń gba orin. Ẹ fi sí 128 nígbà tí akọrin bá ń kọ, kí ohùn rẹ̀ má pẹ́ dé etí rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí 1024 nígbà tí ẹ bá ń ṣe mixing. Àìmọ̀ nípa buffer yìí ti gba owó kọ̀ǹpútà tuntun lọ́wọ́ àìmọye ènìyàn.

Plugin ló kẹ́yìn lójú tèmi. EQ, compressor àti reverb tó bá sọ́fítíwíà yín wá ti tó fún iṣẹ́ náà. Ẹ rántí pé irinṣẹ́ díẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ńlá rí: ní 1973, stúdíò EMI ní Wharf Road, Àpápá, ni Paul McCartney ti gba púpọ̀ nínú orin Band on the Run sílẹ̀, lórí ẹ̀rọ tí track rẹ̀ kò ju 8 lọ. Ohun tí wọ́n bá gbà ní láti dára kó tó wọlé, torí kò sáyè fún ìdọ̀tí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo plugin jíjí. Kì í ṣe ti kòkòrò kọ̀ǹpútà nìkan ni mò ń sọ. Àwa tí à ń sunkún pé wọ́n ń jí orin wa tà, ojú wo la fẹ́ fi wo ẹni tó kọ sọ́fítíwíà? Reaper, sọ́fítíwíà ìgbohùnsílẹ̀ kan, jẹ́ dọ́là 60 fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju dọ́là 20,000 lọ lọ́dún, EQ àti compressor rẹ̀ sì mọ́yán lórí.

Nǹkan kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ máa rà. Ẹ gba orin kan náà sílẹ̀ pẹ̀lú ti àtijọ́ àti ti tuntun, kí ẹ mú ariwo méjèèjì dọ́gba, torí èyí tó bá ròkè díẹ̀ ló máa ń dà bíi pé ó dùn jù. Kí ẹlòmíràn máa yí i fún yín láìsọ èyí tó jẹ́. Bí ẹ kò bá mọ ìyàtọ̀, ẹ dá ọjà náà padà kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá.